Láti Iná Kábáàdì dé Iná LED: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ Inú Ọkọ̀

  Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa, òun náà ló sì bí ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan nígbà òtútù, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí ìṣe ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a jáde síbi tí a gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ ń tàn bí ilé ijó. Ìsàlẹ̀ dáṣíbọọ̀dù, abẹ́ àga, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ló ń tàn ní búlúù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa ló so iná náà mọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Owó tó ná sí i kò ju pọ́n-ùn 10 lọ.

Inú bàbá rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní ìranù ni. Ó ní ọlọ́pàá ti dá òun dúró lójú ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ń bi òun léèrè ohun tí iná búlúù ń ṣe nínú ọkọ̀ òun. Gbogbo wa tí a jẹ́ ènìyàn dúdú nílùú yìí la mọ bí àyà ẹni ṣe ń já nígbà tí ọlọ́pàá bá ní kéèyàn dúró lóru. Ó tún ní wáyà tí ọmọ náà fà ti ń yọ́, òórùn rẹ̀ sì ti gba inú ọkọ̀ kan. Ó ní òun yóò tú gbogbo rẹ̀ dànù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́ láé. Ọmọ náà sorí kodò. Ohun tó sọ kò ju pé: "Dádì, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kó dáa lójú yín ni."

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà wa bi wá pé: "Kí ni iná yìí gan-an? Ta ló ṣe é? Kí ló dé tó fi di olówó pọ́ọ́kú báyìí?" Ojú tì wá, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè dá ìyá lóhùn. Ìdáhùn wa nìyí. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a rò pé yóò wúlò fún ìyá, fún bàbá, àti fún ọmọ náà pàápàá.

NÍGBÀ TÍ INÁ ỌKỌ̀ JẸ́ INÁ TÓ Ń JÓ

Ní 1886 ni Karl Benz gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn tó kọ́kọ́ ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní iná mànàmáná tí yóò máa tàn sọ́nà fún wọn. Fìtílà elépo ni wọ́n ń gbé kọ́ iwájú ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé e kọ́ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà. Afẹ́fẹ́ ń pa á, kò sì mọ́lẹ̀ débi kan.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bọ́ sí iná kábáàdì. Àwọn àgbà àárín wa mọ iná yìí dáadáa, nítorí òun ni àwọn ọdẹ wa nílé ń dè mọ́ iwájú orí wọ inú igbó lóru. Omi ni yóò máa kán sórí kábáàdì, afẹ́fẹ́ kan yóò máa jáde lára rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i, yóò sì máa jó funfun báláú. Ọgbọ́n kan náà ló wà ní iwájú mọ́tò àwọn òyìnbó. Ní 1904 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Prest-O-Lite sílẹ̀ ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń tà ni irú afẹ́fẹ́ yìí, tí wọ́n rọ sínú àgbá irin kékeré fún àwọn onímọ́tò kí wọ́n má bàa máa po kábáàdì fúnra wọn lójú ọ̀nà.

Iná náà mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tó ń jó ni. Ta ni yóò gbé e wọ inú ọkọ̀ tí aṣọ àti igi wà, tí ọmọdé sì jókòó sí? Nítorí náà, ìta ọkọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó bá jókòó sínú, inú òkùnkùn ló wà.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912. Ọ̀gbẹ́ni Charles Kettering àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi iná mànàmáná ṣí ọkọ̀, kí awakọ̀ má bàa máa fi ọwọ́ yí irin níwájú. Irin náà a máa ta padà, ó sì ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lápá. Ẹ̀rọ kan náà yìí ló ń rọ iná sínú báàtìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, báàtìrì náà ló sì ń tan iná ọkọ̀. Nígbà tí báàtìrì àti ẹ̀rọ tí ń rọ iná sí i ti wà nínú ọkọ̀, kò sí ohun tó tún dènà gúlóòbù kékeré láti wọ inú ọkọ̀. Báàtìrì ọkọ̀ ayé ìgbà náà wọ́pọ̀ ní fóòtì 6. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bọ́ sí fóòtì 12, èyí tó wà nínú ọkọ̀ wa títí di òní.

Ṣùgbọ́n gúlóòbù náà ní àléébù tirẹ̀. Okùn irin tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń mú gbóná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì tàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó ń jẹ ló ń di ooru, díẹ̀ péré ló ń di ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé iná òrùlé ọkọ̀ ní títàn mọ́jú, tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kò nílò àlàyé mìíràn.

INÁ TÍ KÒ NÍ OKÙN NÍNÚ

Ìtàn iná LED bẹ̀rẹ̀ ní 1907, kí Cadillac tí a wí yìí tó jáde pàápàá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ H. J. Round, tó ń bá ilé-iṣẹ́ Marconi ṣiṣẹ́, ń dán òkúta kan wò tí wọ́n ń pè ní carborundum. Òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin ni. Òun àti kábáàdì àwọn ọdẹ wa sì jẹ́ ìbátan, nítorí kábọ́ọ̀nù, èyí tó wà nínú èédú, ló wà nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí Round fi iná mànàmáná kan òkúta náà, ó tàn ní àwọ̀ ìyeyè láìjẹ́ pé ó gbóná. Ó kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn Electrical World nípa rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọbi ara sí i.

Ní Rọ́ṣíà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Oleg Losev tún rí irú ìmọ́lẹ̀ yìí, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1927. Òun gbìyànjú láti mọ ìdí rẹ̀, kò sì dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ogun dé. Àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti ìlú Leningrad, ebi sì pa Losev kú níbẹ̀ ní 1942. Ẹni ọdún 38 péré ni.

Ẹni kẹta la fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa fi ọkàn sí jù lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Nick Holonyak. Ní 1928 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Zeigler ní ìpínlẹ̀ Illinois. Àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti ìlà-oòrùn Yúróòpù, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣí wá síbi tí a wà. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú nínú ilẹ̀. Holonyak ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn tó lọ sí ilé-ìwé. Òun náà ṣe làálàá lójú ọ̀nà rélùwéè kó tó di pé ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1962, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú General Electric ní ìlú Syracuse, ó ṣe iná LED pupa tí ojú lè rí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sọ fún ìwé ìròyìn kan pé lọ́jọ́ kan irú iná yìí ni yóò gba ipò gúlóòbù. Ìlérí ńlá ni lẹ́nu ọmọ awakùsà. Ó sì fojú ara rẹ̀ rí i kó tó kú ní 2022, lẹ́ni ọdún 93.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ohun bí òkúta wẹ́wẹ́ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí ìṣẹ̀dá wọn kò bára mu. Iná mànàmáná a máa ti àwọn èérún kan tí ojú kò lè rí láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí èérún kọ̀ọ̀kan ti ń já sílẹ̀, ni agbára tó wà lára rẹ̀ ń di ìmọ́lẹ̀. Kò sí okùn tí yóò já, kò sí ohun tí ń jó. Irú ohun tí wọ́n fi ṣe òkúta náà ló ń pinnu àwọ̀ tí yóò tàn.

Ní àwọn ọdún 1960 wọ̀nyẹn, iná kan ṣoṣo tó jẹ́ bí orí ìṣáná lè tó igba dọ́là. Nígbà tó di 1972, George Craford, tí Holonyak kọ́ níwèé, ṣe LED aláwọ̀ ìyeyè, ó sì mú kí pupa mọ́lẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n búlúù kò ṣeé ṣe.

ÀWỌ̀ ARÓ TÓ LE JÙ

Àwọ̀ aró tí àwọn ìyá wa ń rẹ sára àdìrẹ ló wá di èyí tó le jù fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tó lè tan àwọ̀ náà, gallium nitride, kò rọrùn láti mú dán mọ́rán, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló sì pa á tì. Ní yunifásítì ìlú Nagoya ní Jàpáánì, Isamu Akasaki àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hiroshi Amano, kò pa á tì. Láàárín 1986 sí 1989, wọ́n borí ìṣòro méjì tó le jù níbẹ̀.

Shuji Nakamura náà wà ní erékùṣù Shikoku, níbi tó ti ń bá ilé-iṣẹ́ Nichia ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò tóbi, kò sì lórúkọ nígbà náà. Ní 1993 ni wọ́n kéde LED búlúù tó mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ̀bùn tí Nakamura gbà fún iṣẹ́ náà nígbà náà jẹ́ yen 20,000, èyí tí kò tó igba dọ́là. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2005 lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù yen 840. Ní 2014, Akasaki, Amano àti Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel pọ̀ nínú ìmọ̀ físíìsì.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń du búlúù bẹ́ẹ̀? Nítorí pé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn lè pò pọ̀ di àwọ̀ yòówù. Láìsí búlúù, kò sí funfun. Ní 1996 ni LED funfun jáde: wọ́n fi ẹ̀fun ìyeyè kan bo búlúù lójú. Iná tí ń pa àwọ̀ dà nínú ọkọ̀ ọmọ wa, ìdílé àwọ̀ mẹ́ta yìí ló wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀.

Láti 1907 dé 1993 jẹ́ ọdún 86. Ìdáhùn apá kan ìbéèrè ìyá nìyẹn: iná náà pọ́ọ́kú lónìí nítorí pé àwọn mìíràn ti san owó rẹ̀ ṣáájú wa.

BÓ ṢE WỌ INÚ ỌKỌ̀

Láti ọkọ̀ ọdún 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní iná bíréèkì kẹta tó ga lẹ́yìn. Ibẹ̀ wà lára ibi tí LED pupa ti kọ́kọ́ wọlé sára mọ́tò. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ ń fi ọ̀pá neon sí abẹ́ ọkọ̀ wọn. Ọ̀pá dígí ni, iná tó ń lò sì lágbára gan-an, òkúta ojú ọ̀nà kan péré sì lè fọ́ ọ. Fíìmù The Fast and the Furious tó jáde ní 2001 mú kí irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri. Nígbà tó yá, LED gba ipò neon.

Ford Mustang ọdún 2005 jẹ́ kí awakọ̀ yan àwọ̀ iná ojú dáṣíbọọ̀dù fúnra rẹ̀. Ní 2013, Mercedes gbé S-Class kan jáde tí kò ní gúlóòbù kankan nínú rárá. Gbogbo iná rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500, LED ni. Ohun tí olówó ń san owó gọbọi fún nígbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ń ká bíi ríbọ́ọ̀nù fún wa báyìí, tí a ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà.

Nílé náà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti gbé kábáàdì jù sílẹ̀. Iná LED alábáàtìrì ló wà níwájú orí wọn. Ọ̀nà kan náà tí mọ́tò rìn ni ọdẹ rìn, àfi pé ọdẹ kò fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ KỌ́ WA

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá àti ọmọ. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́ lápá kan.

Ọ̀kan nínú wa, tó ti ṣiṣẹ́ ríwáyà ní Mushin kó tó wá sí ìlú yìí, yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó ní iná fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Ríbọ́ọ̀nù LED tó gùn ní mítà kan kì í sábà jẹ iná púpọ̀. Ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ wáyà. Ọmọ náà so ó mọ́ báàtìrì tààrà láìfi fíúùsì sí i. Níbi tí etí irin ti ha wáyà náà, iná báàtìrì ya gba ibẹ̀. Báàtìrì ọkọ̀ lè ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù gba inú wáyà tín-ín-rín, wáyà náà yóò sì pọ́n bí okùn inú gúlóòbù. Ohun tí àwọn ará ìgbà kábáàdì bẹ̀rù, pé kí iná má wọ inú ọkọ̀, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó sọ:

Ẹ fi fíúùsì áńpù 1 tàbí 2 sí i, kó sì sún mọ́ ibi tí iná ti ń wá. Ẹ so ó mọ́ ibi tí iná ti ń kú bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, kí báàtìrì má bàa kú mọ́jú. Ibi tí wọ́n sàmì sí nìkan ni kí ẹ ti gé ríbọ́ọ̀nù fóòtì 12. Ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta, nítorí mẹ́ta ló ń pín fóòtì náà jẹ. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí báàgì afẹ́fẹ́ ti ń wú jáde nígbà ìjàǹbá, ìbáà jẹ́ níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé. Ẹ gbé e sísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀, kí ojú awakọ̀ má ṣe rí ẹyọ iná náà gan-an. Kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Iná búlúù tàbí funfun tó lágbára a máa gba agbára tí ojú fi ń ríran lókùnkùn, ṣùgbọ́n pupa tàbí àwọ̀ ọsàn tó rọ̀ kì í da ojú láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti òfin, òfin iná ọkọ̀ ti 1989 ní Bìrìtéènì kò fẹ́ kí iná pupa hàn níwájú ọkọ̀, ọkọ̀ aládàáni kò sì gbọdọ̀ ní iná búlúù tó ń ṣẹ́jú bíi ti ọlọ́pàá. Kò ní kí èèyàn má ní iná nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń dí awakọ̀ lọ́wọ́, wọ́n lè dá a dúró. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ wádìí kí ẹ tó ṣe é. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti dá yín dúró lóru.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín nìyí. Ọmọ tó tú ọkọ̀ yín wò kò ya òfò. Bí bàbá Holonyak bá ti sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan mọ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá já sí. Ẹ bá ọmọ wí nítorí fíúùsì tí kò fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá a wí nítorí pé ó fẹ́ mọ nǹkan.

Inú wa dùn láti sọ fún yín pé bàbá náà gbọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, òun, ọmọ rẹ̀ àti ríwáyà wa jókòó ti ọkọ̀ náà. Wọ́n tú wáyà àtijọ́, wọ́n fi fíúùsì sí tuntun, wọ́n sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí ti ọsàn, lẹ́bàá ẹsẹ̀ nìkan. Nígbà tí a ṣe ìpàdé tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ náà ló gbé ìyá tó bi wá ní ìbéèrè lọ sílé. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, iná sì tàn rọra. Ó wo ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé láìta gìrì. Ó ní: "Èyí dáa. Mo rí ibi tí mo ń tẹ̀."

Kí Olódùmarè jẹ́ kí gbogbo wa máa rí ibi tí a ń tẹ̀, nílé àti lájò. Àṣẹ.